Bẹ́ẹ ṣe lè bá ọmọ yín yẹ àwòrán èèyàn dúdú tó wà lára páálí oúnjẹ àtijọ́ wò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́mọ ní London tàbí Houston, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ yín á rí páálí oúnjẹ àtijọ́ kan, bóyá níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù tàbí lórí fóònù, ìyá dúdú kan ń rẹ́rìn-ín lára ẹ̀, ó wé aṣọ mọ́rí, eyín ẹ̀ funfun báláú, ọmọ á wá bi yín pé kí ló burú nínú ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé "wọ́n ń fi wá ṣẹ̀sín ni" kẹ́ẹ sì máa bá tiyín lọ, kò ní yé e. Ẹ jọ jókòó, kẹ́ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní.

Orúkọ ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ wò. Lọ́dọ̀ tiwa, tá a bá pe èèyàn ní aunty tàbí uncle, ọ̀wọ̀ la fi wọ̀ ọ́, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ò fi rí nǹkan kan sí Aunt Jemima, ìyẹ̀fun páńkéèkì, tàbí Uncle Ben's, ìrẹsì inú páálí. Ṣùgbọ́n ní apá gúúsù Amẹ́ríkà, láyé ẹrú àti lẹ́yìn ẹ̀, àwọn òyìnbó ò ní pe àgbàlagbà dúdú ní Mister tàbí Missis láé, torí ìyẹn á jọ pé ẹgbẹ́ ni wọ́n, aunt àti uncle ni wọ́n ń pè wọ́n dípò ẹ̀. Ti Uncle Ben's tún wá le o: ilé iṣẹ́ náà ní àgbẹ̀ onírẹsì kan ní Texas làwọn gba orúkọ Ben lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tó wà lára páálí, ojú Frank Brown ni, ọ̀gá àwọn agbáwo ní rẹ́sítọ́rántì kan ní Chicago. Orúkọ ẹnì kan, ojú ẹlòmíì.

Tẹ́ẹ bá ti kúrò lórí orúkọ, ẹ bi ọmọ yín pé iṣẹ́ wo lẹni yìí ń ṣe, ta ló sì ń ṣe é fún? Nínú àwọn ìpolówó ayé ìgbà yẹn, dúdú ló ń dáná, òun ló ń gbé àwo, òun náà ló ń rẹ́rìn-ín, ìdílé òyìnbó ló jókòó sídìí tábìlì. Ẹ wá a títí, ẹ ò ní rí i kó jókòó jẹ nínú oúnjẹ ọ̀hún.

Ibi tó yẹ kẹ́ẹ ti pẹ́ jù ni ìtàn tí wọ́n rọ mọ́ àwòrán náà, torí irọ́ pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Wọ́n ní Aunt Jemima jẹ́ alásè lóko ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Colonel Higbee ní Louisiana, pé ọwọ́ ẹ̀ ni àṣírí páńkéèkì náà wà. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Lọ́dún 1889, òyìnbó méjì, Chris Rutt àti Charles Underwood, ló po ìyẹ̀fun náà ní St. Joseph, Missouri, Rutt wá lọ wo eré kan táwọn òyìnbó ti máa ń kun ojú dúdú láti fi dúdú ṣe yẹ̀yẹ́, orin tí wọ́n kọ níbẹ̀ ló ti mú orúkọ. Ẹni tó ra òwò náà lọ́wọ́ wọn ló wá gba Nancy Green, obìnrin tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Kentucky lọ́dún 1834, pé kó máa ṣe Aunt Jemima. Lọ́dún 1893, níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Chicago, ó dúró ti àgbá ìyẹ̀fun ńlá kan, ó ń dín páńkéèkì, ó ń pa ìtàn bí ayé oko ẹrú ṣe dùn tó fáwọn èèyàn. Ẹni tí wọ́n bí lẹ́rú o! Mọ́tò ló pa á ní Chicago lọ́dún 1923, kò sí òkúta kankan lórí sàréè ẹ̀ títí di 2020, bẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun yẹn ò kúrò lọ́jà.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí dúdú lẹ́nu. Nínú ìpolówó Cream of Wheat, oúnjẹ àárọ̀ tí wọ́n fi àlìkámà ṣe, kan tó jáde ní 1921, kúùkù dúdú tí wọ́n ń pè ní Rastus gbé pátákó dání, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ fítámì, pé tó bá jẹ́ kòkòrò ni, kò sí nínú Cream of Wheat. Gírámà ẹ̀ wó kanlẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ní Faransé náà, lọ́dún 1915, sójà dúdú ń kú lójú ogun fún wọn, wọ́n ti kó wọn látinú gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, títí kan Dahomey tó di Benin lónìí, Banania wá fi ọ̀kan sára páálí kòkó wọn, fìlà pupa, ẹ̀rín gbàǹgbà, ṣíbí lọ́wọ́, "Y'a bon" lẹ́nu ẹ̀, ìyẹn "ó dùn" ní Faransé tó wó, bíi pé kò lè sọ gbólóhùn kan kó pé. Senghor, akéwì ará Senegal, kọ ọ́ sínú ewì pé òun máa fa ẹ̀rín Banania ya kúrò lára gbogbo ògiri ilẹ̀ Faransé. Ọdún 2011 ni kóòtù Versailles tó ní kí wọ́n jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ má gbàgbé àtiwo ọdún tí wọ́n yí nǹkan padà. 1989 ni wọ́n bọ́ aṣọ orí Aunt Jemima, wọ́n fi yẹtí sí i létí, ṣùgbọ́n orúkọ ò yí, àfi ìgbà tí ọlọ́pàá Amẹ́ríkà pa George Floyd, ọkùnrin dúdú kan, ní 2020 tí gbogbo ayé ń pariwo, kí wọ́n tó gbà láti yí i, ó di Pearl Milling Company ní 2021. Uncle Ben's náà di Ben's Original. Ẹ sọ fọ́mọ pé inú gbogbo dúdú kọ́ ló dùn sí i o, ẹbí Lillian Richard, tóun náà ṣe Aunt Jemima rí, ní wọ́n fẹ́ pa ìtàn ìyá àwọn rẹ́. Èmi rò pé àwọn náà lẹ́jọ́ rò, torí pípa àwòrán rẹ́ ò san gbèsè ẹnikẹ́ni: àwọn àtọmọdọ́mọ Anna Short Harrington, òun náà ṣe é rí, lọ sí kóòtù ní 2014 nítorí owó, wọ́n dá ẹjọ́ náà nù.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ rí irú àwọn nǹkan yìí sí i, Jim Crow Museum wà ní Ferris State University, Michigan, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ́kọ́ dá wo tiyín kẹ́ẹ tó pe ọmọ o, torí àwọn kan burú ju ti ara páálí yìí lọ.