Bí a ṣe ń sọ lẹ́tà ara páálí ìwọ́de di fọ́ǹtì

Lọ́dún 1968, ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ ọkọ̀ ìkódọ̀tí pa òṣìṣẹ́ méjì, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì da iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni ó wà lára páálí tí wọ́n fi wọ́de, “I AM A MAN”, nítorí ó ti sú àwọn àgbà ọkùnrin wọ̀nyẹn kí aláwọ̀ funfun máa pè wọ́n ní ọmọdé. Lára lẹ́tà páálí náà ni Tré Seals, ayàwòrán lẹ́tà ọmọ Amẹ́ríkà, ti yọ fọ́ǹtì (àwòrán lẹ́tà tí a fi ń kọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà) tí ó pè ní Martin. Ẹni tí ó bá wà ní Ilé-Ifẹ̀ lè ṣe irú rẹ̀, àfi pé iṣẹ́ tiwa ní àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà nínú.

Ẹ wá páálí gidi, irú èyí tí àwọn ìyálọ́jà tàbí àwọn ọlọ́kadà fi wọ́de, kí ẹ sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ kí ẹ tó yà á ní fọ́tò. Ẹ dúró síwájú rẹ̀ gan-an, kí lẹ́tà má baà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lára páálí kan tí mo yà, ẹni tí ó kọ “Ẹ GBÀ WÁ” kò rójú to àmì sábẹ́ Ẹ. Ó kàn fa búrọ́ọ̀ṣì wálẹ̀, ọ̀dà sì ṣàn díẹ̀. Ẹ má ṣe tún irú ìlà bẹ́ẹ̀ ṣe, nítorí ìkánjú ẹni náà ni ó wà níbẹ̀.

FontForge, ètò kọ̀ǹpútà tí a kì í sanwó fún, tó láti fi ya lẹ́tà náà. Ẹ, Ọ àti Ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n Ẹ́ àti Ọ̀ kò ní: lẹ́tà kan àti àmì ohùn kan ni kọ̀ǹpútà ń tò jọ. Nítorí náà, ẹ fi ibi tí àmì yóò so mọ́ sí orí gbogbo fáwẹ̀lì, àti orí N àti M pẹ̀lú. Lẹ́tà ńlá ni ó pọ̀ jù lára páálí. Bí àyè kò bá tó láàárín ìlà méjì, àmì ohùn ti ìsàlẹ̀ yóò forí gbá àmì abẹ́ lẹ́tà tòkè. Ẹ fi ỌKỌ, ỌKỌ́, ỌKỌ̀ àti Ọ̀KỌ̀ dán an wò lórí fóònù, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

Kí ẹ tó gbé e síta, ẹ fi han ẹni tí ó kọ páálí náà, kí ẹ sì bèèrè bóyá ó fẹ́ kí orúkọ òun wà lára rẹ̀. Ẹlòmíràn kò ní fẹ́, nítorí ọlọ́pàá.