Òórùn Lọ, Májèlé Kù: Àṣìṣe Tí À Ń Ṣe Pẹ̀lú Oògùn Kòkòrò

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà ní Láfẹ́nwá, l'Ábẹ́òkúta, ṣí ìgò ọ̀tápíápíá níṣojú mi. Ó da ìdérí kan sẹ́nu àpò, ó fi ọ̀rá bò ó. "Tó bá fi di ọ̀túnla, òórùn ẹ̀ á ti lọ, ọmọ mi." Ìyá yìí kì í ṣe ìkà. Ẹ̀wà yẹn náà làwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ.

Ẹ má fi imú wọn májèlé. DDVP, èròjà tó ń pa kòkòrò nínú ìgò yẹn, wà lára ìdílé oògùn tí wọ́n ń pè ní organophosphate; òórùn lè lọ, kó ṣì ku oògùn lára ẹ̀wà. Dípò oògùn, tí ẹ̀wà bá gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ dé e pinpin. Kòkòrò inú ẹ̀ ò ní rí afẹ́fẹ́ mí, á kú fúnra rẹ̀.

Ara máa ń ránṣẹ́. Kí ọwọ́ tó gbéra, ońṣẹ́ kan tó ń jẹ́ acetylcholine ló ń jíṣẹ́ fún iṣan. Bó bá ti jẹ́ ẹ tán, ènsáímù kan á palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kíá. Ènsáímù yìí ni organophosphate ń dè lọ́wọ́. Ońṣẹ́ ò wá lọ mọ́, ó ń pariwo iṣẹ́ kan náà. Ni itọ́ àti omijé á bá máa dà, ọmọlójú á kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ẹran ara á máa gbọ̀n, títí mímí á fi di ìṣòro.

Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tó ń dùn mí jù ni: "Mo ti ń fín in tipẹ́, kò ṣe mí ní nǹkan kan." Ewu mìíràn wà tí kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ rántí àrokò. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló lè kọjá, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà nìkan ló ń yé. Bẹ́ẹ̀ ni họ́mónù, ońṣẹ́ ara mìíràn, ń gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá, sẹ́ẹ̀lì tó ní olùgbà rẹ̀, ìyẹn àga tó ń jókòó sí, ló ń dáhùn. Nínú ìwádìí, fenitrothion, ọmọ ìdílé yìí kan náà, ń jókòó sáyè họ́mónù ọkùnrin lára olùgbà. Àrokò dé, àlejò ti gba àga. Chlorpyrifos, ọmọ ìdílé náà mìíràn, dín họ́mónù tírọ́ìdì, èyí tó ń wá láti inú ẹ̀yà ara kan ní ọrùn, kù lára eku, họ́mónù yìí sì ni ọpọlọ ọmọ inú oyún fi ń dàgbà. Ìyẹn ò ní èébì, kò ní ìgbẹ́ gbuuru tẹ́ ẹ máa rí lọ́jọ́ náà. Ní 2020, European Union, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, kọ̀ láti sọ àṣẹ lílo chlorpyrifos dọ̀tun. Ewu rẹ̀ fún ọpọlọ ọmọ wà lára ìdí.

Nítorí náà, kí aláboyún má bá ọkọ rẹ̀ po oògùn l'óko Ọ̀dẹ̀dá. Ẹ má fọ aṣọ tí wọ́n fi fín ewébẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọmọ. Ẹ má da oògùn sínú ike omi, mo bẹ̀ yín.

Bí ẹnì kan bá ti mu oògùn náà, tàbí tó dà sí i lára, ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ẹ má sì mú un bì. Ẹ wọ ọ̀rá sọ́wọ́, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, kíákíá. Atropine, oògùn tí dókítà máa fún un, yóò dí ọ̀pọ̀ olùgbà tí acetylcholine, ońṣẹ́ ìṣáájú yẹn, ń pariwo sí. Ẹ mú ìgò oògùn náà dání lọ, kí wọ́n lè ka orúkọ ohun tó wà nínú ẹ̀.