Bẹ́ ẹ ṣe lè fojú ara yín rí bómi ṣe ń lé afẹ́fẹ́ jáde nínú bíríkì àti yangí

Bíríkì tí wọ́n sun tàbí yangí tó gbẹ, ihò wẹ́wẹ́ ló kún inú ẹ̀, afẹ́fẹ́ ló sì wà nínú ihò yẹn. Tómi bá ti kàn án báyìí, á wọlé fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tì í, torí ara òkúta ń fa omi mọ́ra ju afẹ́fẹ́ lọ. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni pé kí afẹ́fẹ́ ríbi gbà jáde o.

Bíríkì ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ihò tiẹ̀ dọ́gba díẹ̀ ju ti yangí lọ. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ wọ̀n ọ́n lórí síkéèlì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ṣì rin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé e lé iná kó lè gbẹ, omi tó há sínú ẹ̀ lè mú kó bẹ́ mọ́ èèyàn lójú. Ẹ to ìṣó méjì sínú àwo, ẹ gbé bíríkì yẹn dúró lé e, kẹ́ ẹ wá rọra bu omi sí i títí táá fi kan ìdí ẹ̀, ó ti tó.

Ibi tó dùn gan-an nìyí! Ẹ máa rí i tí ara ẹ̀ ń dúdú bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ fi bírò fa ìlà síbi tómi dé ní ìṣẹ́jú 1, 4, 9 àti 16, kẹ́ ẹ wọn gbogbo ẹ̀ látojú omi. Tó bá gun sẹ̀ǹtímítà 1 ní ìṣẹ́jú 1, á tó bíi 2 ní ìṣẹ́jú 4, bíi 3 ní 9, bíi 4 ní 16. Bọ́nà tó ń gbà ṣe ń gùn sí i ló ń falẹ̀ sí i, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ti ṣírò ẹ̀, Lucas ní 1918, Washburn ní 1921.

Tómi bá ti dé orí, ẹ tún un wọ̀n. Gíráàmù omi kan, mílílítà kan ni, torí náà tó bá fi gíráàmù 200 wúwo sí i, afẹ́fẹ́ mílílítà 200 ló ti jáde nìyẹn.

Ó wá ku yangí. Ẹ ri gbogbo ẹ̀ sínú báàkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, afẹ́fẹ́ á máa yọ lára ẹ̀ bíi kómi máa hó, tó bá yá á dáwọ́ dúró, àmọ́ kò tíì yó o! Omi ti gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó ti sé afẹ́fẹ́ mọ́ àárín. Ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ wá sè é nínú omi fún wákàtí 5, ẹ jẹ́ kó tutù sínú omi yẹn náà, ẹ tún un wọ̀n, ẹ máa rí i pó ti wúwo sí i. Bí wọ́n ṣe ń dán bíríkì wò ní Amẹ́ríkà náà nìyẹn, wákàtí 24 nínú omi tútù, wákàtí 5 nínú omi tó ń hó, wọ́n á wá fi méjèèjì wéra.

Tẹ́ ẹ bá ń kọ́lé, ẹ sọ fún bíríkìlà kó wọ́n omi sí bíríkì tó gbẹ kó tó tò ó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fa omi inú sìmẹ́ǹtì mu, sìmẹ́ǹtì yẹn ò sì ní di bíríkì mú dáadáa.