Bí A Ṣe Ń Wá Ìgbì Gravity Tó Gbin Plasma Bubble Sójú Ọ̀run Èkó àti Kùtọnu

Bí oòrùn bá ti wọ̀, electron tó wà nísàlẹ̀ ionosphere (ìpele òkè ọ̀run tí electron pọ̀ sí) máa ń tètè parẹ́, àwọn tó wà lókè sì máa ń pọ̀ síbẹ̀. Ó wá dà bí omi tí a gbé lé orí òróró: èyí tó wúwo wà lókè, èyí tó fúyẹ́ wà nísàlẹ̀. Bí nǹkan bá mì í díẹ̀, èyí tó fúyẹ́ á ya gòkè bí ihò gígùn. Ihò yìí ni plasma bubble, òun ló sì ń da GPS àwọn awọnlẹ̀ rú láti nǹkan bí aago 8 alẹ́ lọ.

Ìgbì gravity (afẹ́fẹ́ tó ń mì sókè-sódò) tí ìjì òjò ọ̀sán ń rán sókè wà lára ohun tó ń mì í. Ṣùgbọ́n ìgbì kàn ń gbin ni. Agbára iná mànàmáná tó ń gbé ionosphere sókè nírọ̀lẹ́ ló ń mú un hù, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ yẹ méjèèjì wò.

Ẹ yan alẹ́ kan láàárín oṣù Kẹta sí Ìkẹrin, tàbí Ìkẹsàn-án sí Ìkẹwàá, nígbà tí ihò wọ̀nyí máa ń pọ̀ jù lágbègbè wa. Kí Kp (ìwọ̀n bí òòfà ayé ṣe dàrú tó) má kọjá 3 ní ọjọ́ náà àti ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, torí ìjì òòfà ayé náà máa ń rán ìgbì tirẹ̀ wá. Ẹ wo àwòrán infrared ti Meteosat (sátẹ́láìtì ojú ọjọ́) láti aago 3 sí 6 ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wá àwọsánmà tí orí rẹ̀ tutù ju −60°C lọ. Ìgbì lè lo wákàtí kan sí méjì kó tó dé òkè; òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní aago 8 kọ́ ló gbin ihò tí ẹ rí ní 7:45.

Ẹ gba RINEX (fáìlì àkọsílẹ̀ GPS) oníṣẹ́jú-àáyá 30 ti ibùdó BJCO ní Kùtọnu àti ULAG ní Èkó. Nǹkan bí kìlómítà 106 ló wà láàárín wọn, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ẹ fi sátẹ́láìtì tó rẹlẹ̀ ju digírì 30 sílẹ̀. L1 àti L2 ni ìgbì rédíò méjì tí GPS ń rán wá, cycle la sì fi ń kà wọ́n. Cycle L1 kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 19.03, ti L2 jẹ́ 24.42, ẹ sọ méjèèjì di mítà, ẹ yọ L2 kúrò nínú L1, kí ẹ fi 9.5 sọ ọ́ di púpọ̀. TEC nìyẹn (iye electron tó wà lójú ọ̀nà láti sátẹ́láìtì dé ibùdó), ní TECU, ẹyọ ìwọ̀n rẹ̀.

Láti rí ROT (bí TEC ṣe ń yára yí padà), ẹ yọ TEC tó ṣáájú kúrò nínú èyí tó tẹ̀lé e, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, nítorí pé TECU fún ìṣẹ́jú kan là ń wá. Ẹni tó bá gbàgbé ìlọ́po méjì yìí, alẹ́ tó dàrú á dà bí èyí tó dákẹ́ lójú rẹ̀. ROTI ni standard deviation ROT mẹ́wàá, ìyẹn ìṣẹ́jú 5. Bí ó bá ju 0.5 lọ, ẹ padà wo TEC fúnra rẹ̀. Ihò máa ń fa TEC wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó tó gbé e padà sókè. Bí TEC bá fò ní 1.8 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ìlà sì ń lọ geerege lẹ́yìn rẹ̀, cycle slip L1 ni (ẹ̀rọ GPS ló ṣi cycle kan kà).

Ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù ni wíwá ìgbì. Àwọn ènìyàn máa ń yọ àròpín (moving average) ìṣẹ́jú 60 kúrò nínú TEC gbogbo alẹ́. Àròpín náà á fa ihò aago 8 padà sí 7:30, ìgbì èké á sì hàn ṣáájú ihò, gẹ́lẹ́ níbi tí a ti ń retí ojúlówó! Ẹ gé TEC kúrò níbi tí ihò àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ná, kí ẹ tó yọ àròpín. Bí àsìkò ìgbì tó kù kò bá tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, kì í ṣe ìgbì gravity ní irú òkè bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wọn àlàfo tó wà láàárín ihò, kí ẹ fi wé gígùn ìgbì. Ká ní sátẹ́láìtì kan náà rí ihò ní Kùtọnu, tí Èkó wá rí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú 22: mítà 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Ibi tí ìtànṣán sátẹ́láìtì ti gún ionosphere, ní kìlómítà 350, náà ń rìn. Bí ó bá ń lọ sí ìlà-oòrùn ní mítà 40, ihò ń rìn ní 120. Bí ihò méjì bá fi ìṣẹ́jú 40 tẹ̀ léra, 80 tí a rí lákọ̀ọ́kọ́ la ó lò, kì í ṣe 120: àlàfo wọn jẹ́ kìlómítà 192. Ìgbì oníṣẹ́jú 20 tó ń sáré ní mítà 160 sí ìlà-oòrùn gùn ní 192 pẹ̀lú. Wọ́n bára mu. Ṣùgbọ́n ibùdó méjì kò lè sọ ibi tí ìgbì dojú kọ. Ẹ fi ẹ̀kẹta kún un láti ìhà àríwá.

Bí ìgbì bá hàn kedere tí ihò kò sì yọ, ẹ wo h'F (gíga ìsàlẹ̀ F, ìpele kan nínú ionosphere) lórí ionosonde (ẹ̀rọ rédíò tó ń wọn gíga yìí) láàárín aago 6:30 sí 7:30. Bí ìsàlẹ̀ F kò bá gòkè, ẹ kọ alẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ní ihò, kí ẹ fi wọ́n wéra.