Bí ilé-ìwé bọ́ọ̀dìn ṣe lè máa bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí iná bá jó ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́

Kí iná tó kú tán ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti ń dúró de ọ̀gá ilé-ìwé, iṣẹ́ náà sì ni pípe orúkọ. Kíka orí kò tó: ẹ pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ìwé tí ẹ fi ń pè wọ́n lálaalẹ́, kí mátírọ́ọ̀nù tí ó mọ ojú wọn sì wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, iná jó ibùsùn àwọn ọmọkùnrin ní Hillside Endarasha Academy ní Nyeri, lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ọmọ 21 sì kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Igbákejì Ààrẹ ibẹ̀ kéde pé wọn kò tíì mọ ibi tí 70 mìíràn wà, ó sì ń bẹ àwọn òbí àti ará àdúgbò tí ó ti mú ọmọ lọ sílé pé kí wọ́n jáde wá sọ. Nítorí náà, kí olùkọ́ kan dúró sí ẹnu géètì pẹ̀lú ìwé àti bírò. Òbí kankan kò gbọdọ̀ mú ọmọ kọjá láì buwọ́ lùwé, ìbáà jẹ́ àbúrò ẹni tí ó ni ilé-ìwé.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ibi tí wọn yóò sùn, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti máa ń ṣìṣe, tí wọn yóò kó gbogbo ọmọ pọ̀ sínú ibùsùn tí ó ṣẹ́ kù. Ní Kyanguli, lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ 67 kú lọ́dún 2001, nínú ilé tí wọ́n fi àgádágodo ti ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn rẹ̀, tí irin sì wà lójú fèrèsé. Ìlànà tí ìjọba wọn gbé jáde lọ́dún 2008 ní kí àlàfo mítà 1.2 wà láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì, kí ilẹ̀kùn fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5 kí ó sì máa ṣí síta, kí irin má sì sí lójú fèrèsé. Ẹ fi ìwọ̀n yìí wọn ibùsùn yín. Bí àyè kò bá tó, kí àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC àti NECO dúró, kí àwọn tí ilé wọn kò jìnnà máa ti ilé wá, kí àwọn yòókù sì lọ sílé fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ajínigbé ni ó ń mú wa ti ọmọ mọ́lé lóru, ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ ni kí ẹ fi kún, kì í ṣe àgádágodo.

Ẹ má kó àwókù kúrò kí àwọn panápaná tó ṣe àyẹ̀wò, nítorí ìwé àbọ̀ wọn ni iléeṣẹ́ adójútòfò yóò béèrè. Ẹ tún jẹ́ kí ẹnjiníà wo ògiri tí ó dà bí ẹni pé iná kò ṣe é ní nǹkan.

Nínú ohun tí àwọn ọmọ pàdánù, awò ojú àti oògùn àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá mátíràsì. Máàkì tí ó jóná ṣì lè wà lọ́wọ́ òbí nínú káàdì èsì ìdánwò, tàbí lọ́dọ̀ WAEC, bí ẹ bá ti fi máàkì iṣẹ́ kíláàsì ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ abẹ́ igi. Àwọn àlejò yóò máa wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ẹ ṣáà gba owó wọn sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa òwe náà létí ọmọ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fi agogo iná dánrawò, lọ́sàn-án ni o, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ fún wọn ṣáájú pé yóò dún. Kí mátírọ́ọ̀nù dúró ti àwọn tí yóò bú sẹ́kún, kí ẹ sì tún pe orúkọ.