Bí A Ṣe Ń Gba Páìpù Omi Kọjá Lábẹ́ Títì Láì Fọ́ Títì

Ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì wádìí ibi tí wáyà iná gbà nínú ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ́ kòtò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títì. Kòtò ìbẹ̀rẹ̀ tèmi máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ó máa ń jìn tó 3, torí ẹsẹ̀ bàtà 10 ni mo ń gé páìpù irin sí, tí mo sì ń so wọ́n mọ́ra bí wọ́n ṣe ń wọlé. Òdìkejì kò ju ibi tí èèyàn lè lóṣòó sí lọ.

Páìpù irin oníńṣì kan ààbọ̀ ni kí ẹ fi òòlù lù gba abẹ́ títì, láti kòtò ìbẹ̀rẹ̀ dé òdìkejì. Ẹ ní kí wẹ́dà ṣe ẹnu rẹ̀ ní ṣóńṣó, kó lu ihò sí ṣóńṣó náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ nìyí. Wọ́n á kàn fojú wọn ibi tí páìpù máa gbà, wọ́n á gbé òòlù. Íńṣì 1 tó bá fi yà nínú ẹsẹ̀ bàtà 3 àkọ́kọ́ á ti di íńṣì 8 kó tó dé ẹsẹ̀ bàtà 24. Ẹ ò ní rí i nínú kòtò kejì. Ẹ na okùn kọjá títì. Ẹ so òkúta mọ́ òwú méjì, kí ẹ fi wọ́n kọ́ sára okùn náà nínú kòtò: níbi tí òwú méjèèjì bá ti di ọ̀kan lójú yín, ibẹ̀ ni páìpù ń lọ. Ẹ gbé páìpù lé pákó méjì, kí ẹ fi lẹ́fẹ́lì wò ó. Rọ́bà funfun tí bíríkìlà ń rọ omi sí náà tó.

Ẹ fi pákó bo ìdí páìpù kí òòlù má bàa ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ẹ rọra lù ú. Bó bá ti wọ ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ dúró, ẹ tún wò ó. Bó bá ń dún gbì, ó ń wọ yẹ̀pẹ̀. Bó bá dún kan-an, tó sì ń ta ọwọ́, òkúta ló bá. Ẹ má fagídí. Ẹ fà á jáde, ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi ẹ̀rọ fín omi gbẹ́ ihò náà. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ mo ti rí títì kan tó rì lẹ́yìn òjò mélòó kan, torí omi ti kó yẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ. Mi ò ní ṣe é lábẹ́ títì tí mọ́tò ń gbà.

Bí ṣóńṣó bá yọ lódìkejì, ẹ fi ọ̀rá di ẹnu páìpù rọ́bà dúdú tí omi máa gbà, kí ẹ fi wáyà tí wọ́n fi ń di irin so ó mọ́ ihò ara ṣóńṣó náà. Ẹ wá fa irin padà, kí ẹnì kan máa ti rọ́bà tẹ̀ lé e. Ẹ ṣí omi sí i kó sun mọ́jú, ẹ wo gbogbo ojú ìsopọ̀, kí ẹ tó dí kòtò.