Àṣìṣe tó ń ba ìpanu páàtì ọmọdé jẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yé ṣe é

Tó bá ti di Sátidé n'Ìbàdàn báyìí, láti Akóbọ̀ dé Olúyọ̀lé, bàlúùnù lẹ ó máa rí lára géètì, ọmọ lágbájá pé ọdún mẹ́ta, ọmọ tàmẹ̀dò pé méje, àwọn tí ilé ò gbà á ti kó gbogbo ẹ̀ lọ Agodi Gardens. Kéèkì, ẹni tó ń ṣe é wà. Jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹ ti pe alásè. Ìpanu oníyọ̀ yẹn ló kù, mítípáì, sàmósà, spring roll, mọ́sà, àkàrà kéékèèké, èyí tí màmá ọlọ́jọ́ọ̀bí máa ń sọ pé "màá ṣe é fúnra mi jàre, kí ló le ńbẹ̀?" Òótọ́ ni, kò le. Àmọ́ ìkánjú ń bà á jẹ́, ooru ń bà á jẹ́, èyí tó tún wá burú jù ni pé a máa ń ṣe é fún fọ́tò àti fún ẹnu àwọn àgbà, a gbàgbé pé ọmọ ló fẹ́ jẹ ẹ́.

Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n fún ní sàmósà. Á kọ́kọ́ fọwọ́ tú etí ẹ̀, á yọ ẹran inú ẹ̀ síta, á fi ahọ́n tọ́ ọ wò, tó bá ti ta á lẹ́nu báyìí, ó parí, á gbé e sórí àga, á jókòó lé e, á lọ bẹ̀rẹ̀ súìtì. Ata rodo tẹ́ ẹ lọ̀ sínú ẹran yẹn, ta lẹ lọ̀ ọ́ fún? Àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì, ọ̀dùnkún, kọ́rì, táìmù àti iyọ̀ díẹ̀ ti tó. Ẹ má sì ní torí pé ata ò sí kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú magí sí i bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni. Àwọn àgbà tó bá fẹ́ ata, ẹ din ata sọ́tọ̀ fún wọn sínú abọ́ kékeré, kí wọ́n máa fi ti wọn bọ̀ ọ́.

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn mọ́ o. Ẹ̀pà sísun lórí tábìlì àwọn ọmọ tí wọn ò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ má dán an wò láéláé, ó ń há ọmọ lọ́fun, ó sì lè pa ọmọ. Sọ́séèjì tí wọ́n gé róbótó-róbótó náà nìyẹn, bó ṣe rí róbótó yẹn gan-an ló ṣe máa ń dí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ pátápátá. Ẹ là á gbọọrọ sí mẹ́rin ná, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá gé e wẹ́wẹ́. Ẹran orí igi, ẹ yọ igi ẹ̀ kúrò kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, torí ọmọ kì í jókòó jẹun níbi páàtì, sísáré ló máa ń sáré kiri, igi ṣóńṣó lẹ́nu ọmọ tó ń sáré, ẹ ò nílò kí n parí ẹ̀ fún yín. Kẹ́ ẹ sì tó ra ohunkóhun lọ́jà, ẹ fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sáwọn òbí lórí WhatsApp pé kí ni ara ọmọ wọn kì í gbà: ẹ̀pà, ẹyin, edé, wàrà. Ẹnì kan á ní gbogbo ìyẹn, nǹkan òyìnbó ni. Irọ́ ni o, àwọn ọmọ tiwa náà wà tí ẹyin ń mú kí ojú wọn wú.

Ó yá, pọ́fù-pọ́fù. Mo mọ̀ pé ṣúgà wà nínú ẹ̀, àmọ́ abọ́ kan náà lòun àti sàmósà jọ ń wà, a ò lè yọ ọ́ sílẹ̀. Àṣìṣe àkọ́kọ́, omi gbígbóná. Èèyàn á bu omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, á dà á lé yíìsì lórí, á po ó, á bò ó, á dúró títí, fúláwà ò wú, ló bá ní yíìsì tí òun rà ní Ògùnpa ti bàjẹ́. Yíìsì ò ṣẹ̀ ẹ́, ó ti bọ̀ ọ́ pa ni. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ lásán ló fẹ́, bíi 38 sí 43 degree, ẹni tí ò ní ohun tó fi ń wọn ooru kó ti ìka bọ̀ ọ́, tí ìka bá ti ń fà sẹ́yìn, ó ti gbóná jù nìyẹn. Ẹ da yíìsì sínú omi yẹn pẹ̀lú ṣúgà ṣíbí kékeré kan, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10, tó bá yọ ìfóòfó, ó wà láàyè, tí kò bá yọ nǹkankan, ẹ dà á nù kí odidi kílò fúláwà má lọ bá a lọ.

Òróró ni ọ̀rọ̀ wà o. Tí òróró ò bá tíì gbóná tó, fúláwà á máa mu ún, tẹ́ ẹ bá tẹ pọ́fù-pọ́fù báyìí, òróró á tú jáde sí yín lọ́wọ́. Tó bá sì gbóná jù, ara á ti pọ́n, inú á ṣì wà ní tútù, ọmọ á gé e jẹ, á wá tu ú sí màmá ẹ̀ lọ́wọ́. 170 sí 180 degree ló dáa, àmọ́ ilé ta lẹ ti fẹ́ rí ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́n, ẹ jù bíńtín fúláwà pípò yẹn sí i, tó bá rì sísàlẹ̀ tó jókòó síbẹ̀, kò tíì yá, tó bá pọ́n lójú ẹsẹ̀, ẹ rọ iná sílẹ̀, èyí tó bá rì díẹ̀ tó sì léfòó padà wá sókè tó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òun la fẹ́. Ẹ wá má kúnnú àgbádá fọ́fọ́ torí pé àlejò ti ń dé, bẹ́ ẹ bá ṣe ń jù ú sí i pọ̀ tó ni òróró ń tutù tó, ibi tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ tún padà sí yẹn. Ẹ jẹ́ kí òróró jìn kó lè máa yí ara ẹ̀. Òróró tẹ́ ẹ fi dín ẹja lánàá ńkọ́? Ẹ fi dín ẹja míì, ṣùgbọ́n tó bá ti dúdú, tó ń yọ fóòmù tàbí tó ń rú èéfín kó tó gbóná, ó ti ré kọjá ẹja pàápàá. Ẹ yé tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ nǹkan tẹ́ ẹ bá dín, yíǹkì ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ oúnjẹ, ẹ fi asẹ́ gbọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ wá tẹ́ tíṣù sábẹ́ ẹ̀.

Kúlà! Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ níbi páàtì kan lápá Challenge lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àǹtí kan ti jí dín pọ́fù-pọ́fù láti ìdájí, ó dáa lójú, ó pọ́n dẹ́dẹ́, ó ń gbóná lọ́wọ́ ló kó o sínú kúlà tó dé e pa, inú ẹ̀ ń dùn pé iṣẹ́ ti tán. Nígbà tí wọ́n ṣí kúlà láago méjì ọ̀sán, omi ń kán tótó látara ìdérí, gbogbo ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, ẹ mú ọ̀kan, mẹ́ta tẹ̀lé e, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti ń yọ̀, àwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi sọ ara wọn. Ooru tó ń jáde lára oúnjẹ tí kò ríbi lọ ló ń di omi padà sí i lára, láílọ́ọ̀nù náà nìyẹn, ike tẹ́ ẹ dé náà nìyẹn. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tíréè kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, tó bá fẹ́ wọ kúlà rárá, ẹ tẹ́ tíṣù sísàlẹ̀, ẹ fi ìdérí sílẹ̀ díẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ dáa jù, ẹ po ó láàárọ̀, ẹ dín in nígbà tó bá ku wákàtí kan kí wọ́n jẹun.

Sàmósà àti spring roll, omi lọ̀tá wọn. Kábéèjì ń yọ omi, tẹ́ ẹ bá di èyí tó ṣì ní omi, tó ṣì gbóná, sínú awẹ́ fúláwà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ fi ń dì í, ó máa ya nínú òróró, ẹran á fọ́n ká, òróró á ta sí yín lára. Ẹ din ín gbẹ, ẹ jẹ́ kó tutù. Bẹ́ ẹ ṣe ń dì í, ẹ fi aṣọ tútù tí ẹ ti fún bo awẹ́ tó kù, kó má gbẹ kó wá máa sán. Fúláwà àti omi tẹ́ ẹ pò ki ni kẹ́ ẹ fi lẹ etí ẹ̀. Ẹ lè dì í sílẹ̀ láti Tọ́sìdeè, ẹ kọ́kọ́ tò ó sórí tíréè nínú fíríísà kó gan, kẹ́ ẹ tó kó o pọ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, tó bá di Sátidé, ẹ dín in bó ṣe gan yẹn, ẹ má dúró kó yọ́. Kìkì pé iná wa lẹ mọ̀, tí wọ́n bá mú un lọ lálẹ́ Fúráìdeè tẹ́ ẹ wá bá a láàárọ̀ pé ẹran ti yọ́, tó ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ má dá a padà sínú fíríísà, ẹ má sì dín in fún ọmọ ọlọ́mọ.

Mítípáì ń gba sùúrù. Fúláwà kílò kan, bọ́tà ìdajì kílò, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ṣahun, wọ́n á fi bọ́tà díẹ̀ ṣe é, wọ́n á wá fi omi dí i, ó le bí pákó. Bọ́tà yẹn gbọ́dọ̀ tutù, ẹ má yọ́ ọ lórí iná, ẹ fi orí ìka fọ́n ọn mọ́ fúláwà títí á fi rí wóró-wóró, omi tútù díẹ̀díẹ̀ ló kù, gbàrà tó bá ti mú ara ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má máa gún un bí iyán. Ẹ gbé e sínú fíríìjì fún bí ìṣẹ́jú 30. Ẹran tẹ́ ẹ máa rọ sínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti tutù, ẹ má sì rọ ọ́ yó jù, ẹ fi fọ́ọ̀kì gún orí ẹ̀ kí ooru rọ́nà jáde. Ófùn gbọ́dọ̀ ti gbóná sílẹ̀, 180 degree, ìṣẹ́jú 30 sí 40. Ẹni tó ń fi ìkòkò oníyẹ̀pẹ̀ yan án, kó jẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ gbóná dáadáa ná. Torí Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kó kéré! Ẹnu ife kékeré ni kẹ́ ẹ fi gé e, mítípáì ńlá tọ́mọ gé jẹ lẹ́ẹ̀kan tó sọ sílẹ̀, owó ẹran ló sọ sílẹ̀ yẹn.

Àkàrà, mi ò ní pẹ́ ńbẹ̀, ọmọ Ìbàdàn ni yín. Ẹ má po ó ṣàn, ẹ lù ú dáadáa, ó tán. Mọ́sà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ gan, tí èèpo ẹ̀ ti dúdú, ló ń fẹ́, wọ́n máa ń tà á lẹ́dìnwó ní Bódìjà.

Ẹ má ṣe oríṣi mẹ́jọ. Mẹ́ta tó, mẹ́rin tó bá pọ̀ jù, ọmọ kan ò lè jẹ ju wóró mẹ́rin márùn-ún lọ nígbà tó ti mu júùsì tó sì ń wo kéèkì. Oríṣi mẹ́jọ yẹn ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ máa dín nǹkan láti òru, tí ẹ̀ẹ́ wá máa sùn lórí àga nígbà tí wọ́n bá ń kọrin.

Ohunkóhun tó bá ní ẹran, ẹyin tàbí mayonnaise, kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí méjì lọ, tí ooru bá ti kọjá 32 degree, wákàtí kan péré, ẹ sì mọ bí oòrùn ìlú yìí ṣe ń rí ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, pàápàá jù lọ nínú búùtù mọ́tò. Ẹ má rò pé tẹ́ ẹ bá tún un gbé kaná ó ti tán, àwọn kòkòrò kan wà tí májèlé tí wọ́n bá ti tu síbẹ̀ kì í kúrò lórí iná, ọwọ́ tí a ò fọ̀ ló sì máa ń gbé wọn débẹ̀. Nítorí náà, báàgì táwọn ọmọ máa gbé relé, bísíkíìtì àti ṣin-ṣin ni kẹ́ ẹ fi sí i, sàmósà tó ti wà lórí tábìlì láti aago méjìlá, ẹ má dì í fún ẹnikẹ́ni, ẹ dà á nù.